Irin ìdìmú àtẹ̀gùn lára ògiri búlọ́ọ̀kù oníhò

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Búlọ́ọ̀kù oníhò ínǹṣì 6 ni ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn wa. Rọ́ọ̀bóòtù (bóòtù onírin tí wọ́n ń kì sínú ihò ògiri) tó di irin ìdìmú mú ti ń mì, ẹnu ihò sì ti fọ́. Kí ni ká ṣe? Màmá àgbà ló ń dì í mú gòkè.

Ìdáhùn 1: Ẹ má lo rọ́ọ̀bóòtù níbẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ńṣe ló máa ń fẹ̀ nínú ihò. Ara búlọ́ọ̀kù oníhò tín-ín-rín, á là. Níbi ẹsẹ̀ irin kọ̀ọ̀kan, ẹ gbẹ́ ojú ògiri fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ títí dé inú ihò búlọ́ọ̀kù. Ẹ fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì dí ìsàlẹ̀, ẹ wọ́n omi, kẹ́ ẹ ki sìmẹ́ǹtì 1 sí yanrìn 3, kó ki dáadáa. Ẹ máa rin ín lómi fún ọjọ́ 7 kẹ́ ẹ tó lu ihò.

Ìdáhùn 2: Bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá ti gbẹ, ẹ lo fíṣà (ike tí wọ́n ń kì sínú ihò kí ìṣó onírìn-yíyí lè dì mú) mílímità 10, ihò jíjìn sẹ̀ǹtímítà 8. Ẹ fẹ́ eruku jáde, òun ló ń jẹ́ kí fíṣà máa yí. Ẹsẹ̀ irin kan sí èkejì, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 90 lọ.

Ìdáhùn 3: Tí ẹ̀yìn ògiri bá ṣeé dé, bóòtù gígùn tó já sí òdìkejì, pẹ̀lú àwo irin lẹ́yìn, ló dára jù.