“Ìwọ̀fà” kò lè dípò “ẹrú” nínú Ẹ́kísódù

Ẹ̀yin ará, àbá tó wà nílẹ̀ fún ìtumọ̀ Bíbélì wa ni pé ká fi “ìwọ̀fà” rọ́pò “ẹrú” nínú Ẹ́kísódù 21:2, torí pé ọdún mẹ́fà péré ni Hébérù tí wọ́n rà yóò fi sìn. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Láyé àtijọ́, èlé owó tí wọ́n yá ni iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe. Bó sin olówó fún ogún ọdún, kọ́bọ̀ kò yẹ̀ lára gbèsè; ọjọ́ tí owó bá pé ló ń lọ. Hébérù yìí ńkọ́? Ọdún keje dé, ó lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tún wo ẹsẹ 4: bí ọ̀gá bá fún un níyàwó, tí ìyẹn bímọ, ti ọ̀gá ni ìyá àtọmọ, òun nìkan ni yóò jáde. Olówó wo ló tó bẹ́ẹ̀ sí ìwọ̀fà? Ní ẹsẹ 21, ẹni tó lu ẹrú, tí ẹrú náà lo ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó kú, kò jìyà, torí owó rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí burú létí, mo gbà, àmọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀ kọ́ ni láti fọ̀ ọ́ mọ́.

“Ọmọ-ọ̀dọ̀” inú Éfésù 6:5 ti Bíbélì àtijọ́ gan-an ló yẹ ká bá wí. Doulos ni Pọ́ọ̀lù kọ lédè Gíríìkì, ìyẹn ẹni tí ẹlòmíì ní bí ohun ìní, irú ẹni tí àwọn àgbà ń sọ pé ó kú, ìyá ò gbọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ tòní ń gbowó oṣù, ó sì lè kó ẹrù rẹ̀ lọ́la. Síbẹ̀ òun ni wọ́n ń ka “ìbẹ̀rù àti ìwárìrì” sí létí. Ẹni tó fẹ́ bá Pọ́ọ̀lù jiyàn, àtẹni tó fẹ́ gbèjà rẹ̀, kò rí i pé ẹrú ló ní kó gbọ́ràn. (Doulos yìí náà ló di “ìránṣẹ́” nínú Róòmù 1:1.)

Ó ku andrapodistes, ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ẹni tó ń sọ ènìyàn dẹrú, nínú 1 Tímótì 1:10. “Ají-ènìyàn” kò kún un. Bòókẹ́lẹ́ ni olè ń jí nǹkan, ogun ló ń kó ènìyàn lẹ́rú: àárọ̀ ni àwọn ológun ya wọ ìlú Òṣoogùn lọ́dún 1821, tí wọ́n kó Àjàyí Crowther. “Akónilẹ́rú” ni mo mú wá: a, kó, ẹni, ní, ẹrú. Ó gba ológun, ó gba olè. Kí Ẹ́kísódù 21:16 di “jí” tirẹ̀ mú o. Olè jíjà ni ọ̀rọ̀ èdè Hébérù ibẹ̀ ń wí.