Ìjọba wo ló ní kí màmá mi má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́?

AránṣọÌkọ̀lé

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Ìkọ̀lé níbí, ìwé mẹ́wàá ni mo kà, torí náà bí ìbéèrè mi bá dún bíi ti ará oko létí yín, ẹ gbà mí bẹ́ẹ̀.

Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń lo amlodipine tí dókítà kọ fún wọn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, oní-10 mílígíráàmù, hóró kan láràárọ̀. Wọ́n á gbé e sẹ́nu, wọ́n á fi ògì tẹ̀lé e, ó parí. Àfi bí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣe fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp lóṣù tó kọjá. Idì ìjọba àpapọ̀ wà lókè rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé iṣẹ́ ètò ìlera ti ní kí gbogbo ẹni tó ń lo amlodipine jáwọ́ kíá, pé kíndìnrín ló ń jẹ, pé ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ àwọn tó ń lò ó fi ń wú. Nísàlẹ̀ pátápátá ni nọ́ńbà ẹni tó ń ta àgbo inú ike wà.

Ibi tó ti ká mi lára nìyí: ẹsẹ̀ màmá mi ń wú lóòótọ́. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, okùn bàtà wọn á ti wọ inú ẹran lọ, tí wọ́n bá bọ́ ọ, ojú ibẹ̀ á ṣe kòtò bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ iyán. Òótọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ wọn ni irọ́ yẹn fi rí ẹsẹ̀ dúró.

Wọn ò sọ fún mi. Ọjọ́ Sátidé tí mò ń gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni mo rí agolo mílíìkì kan, sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn méjì wà nínú rẹ̀ tí wọn ò fọwọ́ kàn rárá. Ike àgbo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti dé ìdajì. Mo fà wọ́n lọ sí ilé kẹ́mísí láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò: 188 lórí 106. Orókún mi yẹ̀.

Mo bẹ̀, mo bínú, mo sunkún. Ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni pé, "Ìjọba ló sọ ọ́. Ṣé ìwọ mọ̀ ju ìjọba lọ ni?" Ìyá yìí kan náà ni o, tó jẹ́ pé bí ìjọba bá ní iná mànàmáná ń bọ̀ lọ́la, wọ́n á pòṣé, wọ́n á lọ ra kẹrosín.

Mo wá wọ Google lọ. Nǹkan bíi mẹ́wàá jáde, mẹ́sàn-án nínú wọn ló fẹ́ tà mí ní nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, níbo gan-an ni ìjọba máa ń kọ ọ̀rọ̀ ìlera sí, tí mo fi lè kà á sétí wọn? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé ibẹ̀ náà kì í ṣe ayédèrú?

KàféAdó

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Idì yẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi á lẹ idì mọ́ káàdì ìsìnkú kí ẹ tó mu omi tán.

Orúkọ ìkànnì ni kí ẹ máa wò, láti ìparí rẹ̀ wá sí iwájú, bí ẹni ń ka ìwé Lárúbáwá. Èyí tó bá parí sí .gov.ng, ti ìjọba Nàìjíríà ni. Wọn kì í tà á fún ẹni tó bá ṣáà ti lówó lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń ta .com. Àwọn oníjìbìtì á fi "gov" há àárín, wọ́n á fi dáàṣì so ó mọ́ nǹkan, wọ́n á wá fi .com parí rẹ̀. Ojú tó bá ń sáré ò lè rí i.

health.gov.ng ni ti ilé iṣẹ́ ètò ìlera àpapọ̀. nafdac.gov.ng ni ti àwọn tó ń fọwọ́ sí oògùn àti oúnjẹ. ncdc.gov.ng ni ti àwọn tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, àwọn náà ló ni nọ́ńbà ọ̀fẹ́ 6232. Ẹ fi ìyẹn sínú fóònù yín, torí àwa Èkìtì àti Oǹdó la jọ pààlà, ibà Lassa sì mọ ọ̀nà Oǹdó dáadáa. Ti ìpínlẹ̀ wa ni ekitistate.gov.ng.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín. Bí ẹ bá wá amlodipine lọ sí gbogbo ibẹ̀ yẹn, ọwọ́ òfo lẹ lè bá bọ̀, torí kì í ṣe iṣẹ́ wọn láti máa ṣàlàyé oògùn níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí oògùn ìtọ̀ ṣúgà bàbá mi ń dà wọ́n nínú rú, medlineplus.gov ni mo wò. Ilé ìkówèésí ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà ló ni ín, ó ti wà láti 1998. Bí ẹ bá rí .gov lásán tí kò ní nǹkan lẹ́yìn, ti ìjọba Amẹ́ríkà nìyẹn. Wọn kì í gba ìpolówó, ẹnikẹ́ni ò ní tà yín ní àgbo níbẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ oògùn sí i, ẹ ó rí ohun tí wọ́n ń lò ó fún, bí wọ́n ṣe ń lò ó, ohun tó lè dá sílẹ̀ lára, àti èyí tó yẹ kí èèyàn tìtorí ẹ̀ sáré lọ bá dókítà. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́ o. Àléébù rẹ̀ nìyẹn.

ApòògùnỌ̀yẹ́

Kí n tó sọ ohunkóhun: 188 lórí 106 kì í ṣe ohun tí a ó máa fi ọ̀rọ̀ orí fóònù wò. Bí orí bá ń fọ́ màmá gidigidi, tí àyà ń dùn wọ́n, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, tàbí tí apá kan ara wọn kọ̀ tí kò fẹ́ gbé, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí ìkankan nínú ìyẹn, ẹ ṣáà gbé wọn lọ bá dókítà lọ́la, kí ẹ mú oògùn àti ike àgbo náà dání.

Ní ti ẹsẹ̀ tó ń wú, ẹ gbọ́: ńṣe ni amlodipine máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, ohun tó fi ń mú ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀ nìyẹn. Bí àwọn iṣan kéékèèké bá ti fẹ̀, omi díẹ̀ á máa yọ́ jáde nínú wọn, ibi tó rẹlẹ̀ ni omi sì ń ṣàn sí, ó di ọrùn ẹsẹ̀. Oní-10 máa ń ṣe é ju oní-5 lọ. Kì í ṣe kíndìnrín ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n ọkàn tàbí kíndìnrín tó bá ń ṣàìsàn lè mú ẹsẹ̀ wú bákan náà, ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ fojú rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra oògùn ní sáṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹ kì í rí ìwé tín-ínrín tí wọ́n ká sínú páálí. Ẹ ní kí kẹ́mísí fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wíwú yẹn wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bí NAFDAC bá fẹ́ kó oògùn kúrò lọ́jà, wọ́n á dárúkọ rẹ̀, wọ́n á dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n á sọ nọ́ńbà bátììṣì rẹ̀ (nọ́ńbà àwọn tí wọ́n jọ ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà), wọ́n á sì gbé e sórí ìkànnì wọn. Ìkìlọ̀ tó bá ní "gbogbo amlodipine" láìsí bátììṣì, láìsí ilé iṣẹ́, tó wá ní nọ́ńbà alágbo nísàlẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ilé tó ti jáde.

Ẹ yí ike àgbo náà wò. Bí nọ́ńbà NAFDAC bá wà lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́tà L ló parí rẹ̀. L yẹn ni pé wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn, pé wọ́n gbà kí wọ́n máa tà á. Kì í ṣe pé wọ́n ti rí i pé ó ń wo àrùn tí wọ́n ní ó ń wò. Ọ̀rọ̀ wínníwínní kan yẹ kó wà níbẹ̀ lédè Òyìnbó tó sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá sì ń ṣiyèméjì nípa nọ́ńbà náà, ẹ wá a wò ní greenbook.nafdac.gov.ng.

TíṣàÌjerò

Ọmọ mi, ò ń bá ìyá rẹ jà lásán. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún ọ.

Oṣù kẹjọ 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Èkó, fóònù mi dún ní nǹkan bí aago méjì òru. Àbúrò mi obìnrin ni, láti Ọ̀mùò. Ó ní kí n dìde kí n fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí n sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀, pé àṣẹ ti jáde láti òkè. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì! Mo dìde. Mo da iyọ̀ ìyàwó mi sínú garawa, mo rò ó, mo wẹ̀. Bí mo ṣe ń bù ú sórí ni mo ń gbọ́ ìró omi nínú balùwẹ̀ ilé kejì. Mo mọ̀ pé fóònù tiwọn náà ti dún.

Kí ilé iṣẹ́ ètò ìlera tó jáde wá sọ pé irọ́ ni, a ti wẹ̀ tán. Ìwé ìròyìn gbé e nígbà yẹn pé àwọn kan mu omi iyọ̀ náà kú. Ebola fúnra rẹ̀ pa èèyàn 8 ní Nàìjíríà, ó sì di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá kí àjọ WHO tó kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ìjọba sọ òótọ́ o, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ni òótọ́ tiwọn jí, òru ni irọ́ ti ń rìn. Òyìnbó ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́ sórí ìkànnì tí ọmọdékùnrin Adó yẹn kà sílẹ̀. Àbúrò mi ló pè mí ní Yorùbá, pẹ̀lú ìfẹ́, láàárín òru. Ta ni mo fẹ́ gbà gbọ́? Nítorí náà má mú fóònù lọ bá ìyá rẹ. Wá ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún tó mọ iṣẹ́ náà, kó bá wọn sọ ọ́ lójúkojú.

Nọ́ọ̀sìÌfàkì

Tíṣà, ẹ ṣeun jàre. Nígbà tí abẹ́rẹ́ HPV, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, dé Èkìtì ní 2024, fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, àwọn ìyá mú fóònù wá bá mi ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé, ohùn ọkùnrin kan ń sọ nínú rẹ̀ pé àwọn ọmọ ò ní lè bímọ. Mo dákẹ́ gbọ́ ọ tán. Mo wá ní ọmọ tèmi ti gbà á, ẹ wò ó tó jókòó yẹn. Àwọn tó gbà fún mi lọ́jọ́ yẹn pọ̀ ju àwọn tó kọ̀ lọ. Aránṣọ, ẹ gbé màmá wá, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

AránṣọÌkọ̀lé

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, mo ní kí n padà wá sọ ibi tó já sí.

Kí n tó ka ọ̀rọ̀ Tíṣà ni mo ti fi fóònù dán an wò. Mo ṣí ìkànnì Amẹ́ríkà yẹn, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní ta ló ni ín. Mo ní ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n ní, "Àwọn yẹn ò mọ̀ mí." Ọ̀rọ̀ tán.

Mo lọ bá kẹ́mísí, mo gba ìwé tín-ínrín inú páálí. Awò tí mo fi ń wọ òwú sínú abẹ́rẹ́ ni mo fi kà á. Nígbà tí mo dé orí ọrùn ẹsẹ̀ wíwú, wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́?" Mo ní wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, Màmá. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tẹ̀ lé mi lọ sí ilé ìwòsàn láìjiyàn.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wọn lọ yẹ̀ wò, ó ní nǹkan kan ò ṣe kíndìnrín wọn. Ó dín amlodipine kù sí oní-5, ó fi oògùn mìíràn kún un. Lánàá, 146 lórí 88. Ẹsẹ̀ ti ń fà, bàtà ti ń tú.

Ike àgbo náà ní L ní ìparí nọ́ńbà rẹ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ wínníwínní yẹn sì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ dà á nù, wọ́n ní kí n má dán an wò, pé owó àwọn ni wọ́n fi rà á. Ó wà lójú fèrèsé báyìí, wọ́n fi ọmọrí agolo mílíìkì dé e.