Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó dìbò fún ẹgbẹ́ kékeré fi ìbò rẹ̀ ṣòfò?

Àjàní Ọ̀jọ̀ọ́:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹni tí mo dìbò fún. Ó ní ẹgbẹ́ tí kò ní ju ẹni méjì lọ nílé ìgbìmọ̀, wọ́n kàn ń lọ jókòó gba owó oṣù níbẹ̀ ni. Mo fẹ́ fèsì, ẹnu mi wọhò. Ǹjẹ́ a rí ibi tí irú wọn ti ṣe nǹkan gidi rí, ì báà jẹ́ láyé àtijọ́? Orúkọ àti ọdún ni mo fẹ́ o.

Ìyá Tólú (Columbus):
Àbúrò, wá gbọ́ ti Norton Strange Townshend. Ilé kan wà níbí, ní yunifásítì Ohio State, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Townshend Hall. Àwọn ọmọ iléèwé ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò sẹ́ni tó bìkítà ta ló ni orúkọ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1815. Ní 1830 wọ́n kó wá sí Avon, ní Lorain, níbí ní Ohio. Dókítà ni. Ọdún tó gboyè ìṣègùn ní New York, 1840, náà ló ṣojú àwọn ará Ohio níbi ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní London láti fòpin sí òwò ẹrú. Ní 1848 ó wọlé sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ohio lábẹ́ Free Soil, ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní Buffalo lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, tí kò fẹ́ kí oko ẹrú tàn dé ilẹ̀ tuntun.

Wàyí o, aṣòfin 72 ló yẹ kó wà nílé yẹn. Whig àti Democrat, ẹgbẹ́ ńlá méjì ìgbà yẹn, fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, wọ́n sì ń jà lórí ìjókòó méjì láti Hamilton, níbi tí Cincinnati wà, torí Whig ti gé àgbègbè náà sí méjì kí wọ́n lè rí tiwọn mú. Nígbà tí ilé máa fi jókòó lóṣù Kejìlá, inú gbọ̀ngàn kan náà ni apá méjèèjì ti yan alága tiwọn, tí kálukú ń darí ìpàdé tirẹ̀. Ọ̀pá àṣẹ nìkan ni wọn ò jí gbé! Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Free Soil yòókù ṣì ń fà sí Whig. Townshend àti John F. Morse, Free Soil bíi tirẹ̀, ni kò ṣeé fà síbì kankan, ìbò àwọn méjèèjì ló sì máa sọ apá tó máa borí.

Ohun tí àwọn méjèèjì sì fẹ́ ni kí wọ́n fagi lé Black Laws, àwọn òfin tó ń ni aláwọ̀ dúdú lára ní Ohio. Òfin 1807 ní kí aláwọ̀ dúdú tó bá wọ Ohio wá oníduró méjì tó nílẹ̀, láàárín ogúnjọ́, kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé 500 dọ́là lé e lórí. Kò sì lè jẹ́rìí nínú ẹjọ́ tí òyìnbó bá wà. Rò ó wò: òyìnbó lù ẹ́ lójú títì, ó gba owó ọwọ́ ẹ, àdúgbò wò ó. Bí gbogbo àdúgbò bá ti jẹ́ dúdú, ẹjọ́ ò sí nìyẹn.

Democrat gbà láti wọ́gi lé e. Wọ́n tún gbà láti fi Salmon P. Chase, agbẹjọ́rò Free Soil, ránṣẹ́ sí Sẹ́nétì ní Washington, torí aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń yan sẹ́nétọ̀ nígbà yẹn. Oṣù Kejì 1849 ni méjèèjì bọ́ sí i. Chase yìí náà ni Lincoln fi ṣe mínísítà ìṣúná ní 1861, tó di olórí adájọ́ Amẹ́ríkà ní 1864.

Bàbá Kékeré:
Ẹ kú àlàyé mà. Kí ni Democrat wá gbà? Ẹ má sọ pé ọ̀fẹ́ ni o.

Ìyá Tólú (Columbus):
Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Wọ́n gba ìjókòó Hamilton, wọ́n gba ipò adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀. Whig pariwo pé wọ́n ti ta ara wọn. Morse gan-an, Joshua Giddings, aṣòfin Ohio mìíràn tó ń gbógun ti oko ẹrú, ló wù ú kó di sẹ́nétọ̀, kì í ṣe Chase. Òwò yẹn ò bí mi nínú. Èyí tó ń bí mi nínú ni ibi tí wọ́n bá a dé: wọ́n ní kí ọmọ dúdú ní iléèwé, àmọ́ lọ́tọ̀, dúdú ò sì lè jókòó sí júrì. Ti ẹ̀tọ́ ìbò fún dúdú, ó di 1870.

Àjàní Ọ̀jọ̀ọ́:
Ẹ ṣé gan-an mà. Townshend wá ńkọ́ lẹ́yìn ìyẹn?

Ìyá Tólú (Columbus):
Ó wà níbi tí wọ́n ti kọ ìwé òfin tuntun fún Ohio ní 1850, ó ṣe ọdún méjì ní Washington lábẹ́ Democrat, 1851 sí 1853, ó tún ṣe sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀. Free Soil ti wọ inú Republican nígbà náà. Nígbà ogun abẹ́lé ó bá ológun ṣiṣẹ́ dókítà. Lẹ́yìn ogun, ó di olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Iowa, lẹ́yìn náà ní iléèwé tó di Ohio State, títí di 1892. Ó kú ní 1895. Torí iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn ni wọ́n fi fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé, kì í ṣe torí 1849.

Bàbá Kékeré:
Mo gbà fún yín lórí òfin yẹn mà. Àmọ́ ìjókòó Hamilton, mo ṣì fẹ́ mọ ẹni tí àwọn ará ibẹ̀ dìbò fún gan-an.