Ẹ̀yìn jíìpù Lexus GX 470 mi máa ń wálẹ̀ mọ́jú: kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

Ọmọ Adéníran, Súrùlérè

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Jíìpù kan wà lọ́wọ́ mi, Lexus GX 470 ti ọdún 2006, tí bàbá mi rà ní tòkunbọ̀ ní ọdún 2013, tí wọ́n sì ń lò títí wọ́n fi jáde láyé ní ọdún tó kọjá. Àwọn ẹbí ní kí a tà á. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, nítorí inú rẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, mo sì fẹ́ kí ó máa rìn dáadáa ju bí ó ṣe ń rìn nígbà ayé wọn lọ. Máìlì 148,000 ló wà lójú rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá ti Marina dé ní alẹ́, tí mo gbé e sínú ọgbà, yóò dúró déédéé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti wálẹ̀, pàápàá lápá òsì, bí ẹni pé ènìyàn di àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá sí i. Bí mo bá wá ṣíná fún un, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i yóò máa kùn lábẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó lè gbé ẹ̀yìn náà dìde, kíkùn yẹn sì ti ń pẹ́ sí i láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Mẹkáníìkì kan ní ìtòsí wa wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà ti ń kú lọ, kí n lọ ra òmíràn. Ẹlòmíràn ní kí n tú gbogbo rẹ̀ dànù, kí n fi sípíríǹgì irin rọ́pò rẹ̀. Mo lè ṣe iṣẹ́ díẹ̀ fúnra mi nílé: mo máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì, pílọ́ọ̀gì àti páàdì bíréèkì, mo sì ní jáàkì àti sípánà tó péye. Mo tún ti ya owó kan sọ́tọ̀ láti fi rédíò olójú ńlá àti kámẹ́rà ẹ̀yìn sí i, nítorí pé ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí ní Erékùṣù Èkó há débi pé ojú lásán kò tó díwọ̀n rẹ̀. Nínú gbogbo èyí, èwo ni kí ó ṣáájú, kí n má baà fi owó ṣòfò?

Bàbá Ìbejì, Ẹ̀búté-Mẹ́ta

Àbúrò, mo bá ọ kẹ́dùn bàbá. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn.

Má tíì ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kankan. Gẹ́gẹ́ bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń jò níbì kan. Àpò rọ́bà méjì ló gbé ẹ̀yìn GX 470 ró, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Sípíríǹgì irin ni ti iwájú. Bí rọ́bà bẹ́ẹ̀ bá ti dàgbà, ibi tí ó ti ń ká lé ara rẹ̀ ló máa ń sán. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti ń jò, ẹ̀rọ náà kò ní sinmi mọ́, torí pé ó ń wá bí yóò ṣe dí ohun tó ń sọnù, àìsinmi yẹn gan-an ló sì ń jó o. Bí o bá ra tuntun láì wá ibi tó ń jò, ikú kan náà ni yóò pa á.

Báyìí ni kí o ṣe é. Mú tépù ìwọ̀n, kí o wọn gíga láti àárín táyà ẹ̀yìn dé etí mọ́gáàdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ní alẹ́ àti ní òwúrọ̀ kí o tó ṣíná, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó bá wálẹ̀ jù ni kí o kọ́kọ́ dojú kọ. Lẹ́yìn náà, po ọṣẹ olómi mọ́ omi nínú ìgò tí a fi ń fín omi sí aṣọ, gbé bọ́tìnnì gíga ọkọ̀ sí HI, kí o sì fín in sí ara àpò náà yí ká, pàápàá sí ibi tó ká àti ibi tí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ti wọ orí rẹ̀. Má retí kí ó máa fẹ́ fùùù. Ìhó wẹ́wẹ́ funfun ni o máa rí, bí ojú ẹ̀kọ tó ń hó lórí iná, yóò sì máa pọ̀ sí i níwájú rẹ bí o bá ṣe sùúrù.

Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má ṣe ra wọ abẹ́ ọkọ̀ yẹn lórí jáàkì nìkan. Tẹ bọ́tìnnì OFF tó ń dá iṣẹ́ afẹ́fẹ́ náà dúró kí o tó gbé jáàkì sí i, nítorí bí ọkọ̀ bá kúrò ní gíga tó wà tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè fẹ́ tún un ṣe, kí ó sì tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ wà níbẹ̀. Fi àga irin ti ṣàsísì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, lórí kọnkéré tó le, kì í ṣe lórí íńtálọ́ọ̀kì tó ti ń rì.

Bí o bá dé ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládipọ̀, wọn yóò fi bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn èyí tí wọ́n ti lò rí, hàn ọ́. Mo máa ń ra ohun púpọ̀ ní bẹ́líjíọ̀mù, ṣùgbọ́n n kì í ra àpò yìí bẹ́ẹ̀ láéláé, torí pé ọjọ́ orí ló ń pa á, èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn kò sì kéré sí tìrẹ lọ́jọ́ orí. Tuntun méjì ni kí o rà.

Wálé Onípírádò, Ìkẹjà

Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá Ìbejì sọ nípa bí a ṣe ń wá ibi tó ń jò, ṣùgbọ́n lójú tèmi, sípíríǹgì irin kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìdílé kan náà ni GX 470 àti Prado 120 ti wá, sípíríǹgì ẹ̀yìn Prado yẹn sì kún Ládipọ̀. Mo ti ṣe é fún tèmi láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mi ò tíì fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà. Ó le díẹ̀ bí kò bá sí ẹrù lẹ́yìn, mo gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yàn án, ẹ yọ fíúsì ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣọ́ọ̀kì lásán rọ́pò èyí tí wáyà wà lórí rẹ̀, àfi bí ẹ bá gbà pé bọ́tìnnì tó ń mú ọkọ̀ le tàbí tó ń mú un rọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Ohun mìíràn tí kò gba owó: bí ó bá ń dún “gbì” lábẹ́ yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ dúró pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má tú jíà yín. Ẹ kọ́kọ́ fa gírísì sí pùròpẹ́là, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé agbára láti jíà lọ sí táyà.

Ìyá Fadékẹ́mi, Lafiaji

Ọmọ mi, kí rédíò yẹn dúró ná. Tèmi jẹ́ 2007, ẹ́ńjìnnì V8 4.7 kan náà ló wà nínú wọn. Bẹ́líìtì táímìnì, ìyẹn bẹ́líìtì rọ́bà tó ń mú kí písítìnì àti fálúfù máa rìn ní ìbámu, ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń lò, kì í ṣe ṣéènì, máìlì 90,000 sì ni àwọn tó ṣe é dá fún pípààrọ̀ rẹ̀. Láti ọdún 2005 tí wọ́n ti fi VVT-i (ohun tó ń yí àsìkò tí fálúfù ń ṣí padà) sí i, bí bẹ́líìtì náà bá já, písítìnì àti fálúfù yóò kan ara wọn.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ra awọ tuntun sí ìjókòó, mo fi rédíò olójú ńlá sí i, inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, lórí Third Mainland, bí mo ṣe fẹ́ yà sí Adéníjì Adélé, mo gbọ́ ìró kan “páà”, sítíárìnì le gbagidi mọ́ mi lọ́wọ́, ọkọ̀ sì kú. Ọlọ́run ló ní kí dánfó tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi rí mi. Nígbà tí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì, fálúfù mẹ́sàn-án ló ti tẹ̀. Owó tí mo san nígbà náà, mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn san irú rẹ̀.

Bẹ́líìtì yẹn náà ló ń yí pọ́ǹpù omi, nítorí náà ìgbà kan náà ni kí wọ́n pààrọ̀ méjèèjì pẹ̀lú àwọn róólà tó ń fà á le. Iṣẹ́ yìí kọjá ti inú ọgbà; wá ẹni tó ti ṣe V8 yìí rí. Omi rádíétọ̀ tí Toyota fọwọ́ sí ni kí o dà sí i, má lo omi ẹ̀rọ lásán, ó máa ń jẹ irin láti inú.

Nígbà tí o bá dé orí rédíò, wò bóyá Mark Levinson ni wọ́n kọ sára sípíkà rẹ. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde dá wà lọ́tọ̀, rédíò tuntun tí kò ní wáyà tó bá a mu kò sì ní mú ohùn kankan jáde.

Ọmọ Adéníran, Súrùlérè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti wọ̀n ọ́n ní alẹ́ mẹ́ta. Ọ̀tún ń ti 53 sẹ̀ǹtímítà bọ́ sí 52. Òsì ń ti 53 bọ́ sí 46. Mo fín omi ọṣẹ, ìhó sì yọ níbi tí àpò òsì ti ká, ní ẹ̀yìn níbi tó kọjú sí ṣàsísì, tí n kì bá tí rí i bí mi ò bá lo tọ́ọ̀ṣì. Wálé, mo dúpẹ́ ìmọ̀ràn yín, ṣùgbọ́n àpò afẹ́fẹ́ ni mo yàn, nítorí ìyá mi tí ẹ̀yìn ń dùn ló máa ń jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ yìí lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo wá inú àpótí iwájú ọkọ̀, mo rí rìsíìtì kan pẹ̀lú ìwé ọwọ́ bàbá mi: wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì ní máìlì 91,000, ní ọdún 2014. Bẹ́líìtì nìkan ni wọ́n kọ, kò sí pọ́ǹpù omi níbẹ̀. Ìyá, ṣé ó ṣì lè dúró?

Ìyá Fadékẹ́mi, Lafiaji

Kò gbọdọ̀ dúró. Máìlì rẹ̀ kò tíì pé, ṣùgbọ́n rọ́bà ni òun náà, ọdún tí ó lò ti pọ̀ jù. Bí pọ́ǹpù àtijọ́ yẹn bá sì jò sórí bẹ́líìtì, yóò bà á jẹ́. Fi owó rédíò ṣe é.

Bàbá Ìbejì, Ẹ̀búté-Mẹ́ta

Àbúrò, nígbà tí o bá ti fi àpò tuntun sí i, má ṣe sọ gbogbo ìwúwo ọkọ̀ lé e lórí nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì sí nínú rẹ̀. Yóò ká gbòdì, yóò sì ya. Rọra sọ jáàkì kalẹ̀ títí táyà yóò fi kan ilẹ̀ díẹ̀, ṣíná, tẹ bọ́tìnnì OFF náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí iṣẹ́ afẹ́fẹ́ náà lè bẹ̀rẹ̀ padà, kí o jẹ́ kí ẹ̀rọ fẹ́ ẹ kún kí o tó yọ jáàkì kúrò. Fín omi ọṣẹ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó gbé e jáde.