"Oúnjẹ àbùkún" àbí "oúnjẹ onífítámínì"?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè,

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ẹ dábàá nítorí oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ fi fítámínì kún, àti èyí tó wà nínú ìgò tí àwọn ènìyàn ń rà gan-an báyìí: "oúnjẹ àbùkún", "ènì oúnjẹ" àti "èròjà ìyè".

"Àbùkún" dùn létí, nítorí ohun tí a bù kún nǹkan ni, ó sì bá ìbùkún tan. Ṣùgbọ́n ara àpò ìyẹ̀fun ni ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, àwọn tí ń tẹ àpò kì í sì í sábà fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Bí lẹ́tà ìparí "abukun" bá ṣá, "abuku" ni oníbàárà yóò kà.

"Ènì" ńkọ́? Bí mo bá ra gààrì kóńgò mẹ́ta, tí ìyá tó ń tà á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ènì nìyẹn, n kò sanwó rẹ̀. Ta ni wọ́n fi ìgò fítámínì ṣe ènì fún rí? "Àfikún oúnjẹ" ni kí a máa pe èyí tí a ń gbé mì lọ́tọ̀. (Àwọn aboyún ń pe tiwọn ní "oògùn ẹ̀jẹ̀", n kò ní bá wọn jà.)

Ní ti "èròjà ìyè" tí ẹ fẹ́ fi túmọ̀ fítámínì fúnra rẹ̀, Casimir Funk, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó dá orúkọ "vitamine" ní 1912, so "vita", ọ̀rọ̀ Látìn fún ìyè, mọ́ "amine", orúkọ irú kẹ́míkà kan tó rò pé gbogbo wọn jẹ́. Nígbà tó hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n gé "e" ìparí rẹ̀ ní 1920, wọ́n sì ń lo ìyókù lọ. Kí ni a wá ń túmọ̀ nínú àṣìrò? Fítámínì tí gbogbo ayé ń pè ti tó.

Àwọn ìyá wa ti yanjú èyí tó kù, ìyẹn orúkọ oúnjẹ tí a fi nǹkan kún. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi ẹyin, ẹja àti edé sí, "ẹlẹ́mìí méje" ni wọ́n pè é: wọ́n sọ ohun tó ní. Láti 1993 ni áyódìnì ti ń wọ inú iyọ̀ wa ní Nàìjíríà nítorí gẹ̀gẹ̀. Ní 2002, ìjọba pàṣẹ fítámínì A fún ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró, èyí tí àwòrán ojú tó wà lára àpò ń tọ́ka sí. Iyọ̀ aláyódìnì, òróró onífítámínì: ó tán.

Ibi tó ti ń rú mi lójú ni epo pupa, tí ara wa ń rí fítámínì A ṣe láti inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kún un. Ṣé òun náà kì í ṣe onífítámínì ni?