Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: káàdì CXL ni kí n rà ni, àbí sáfà tuntun?

Aṣọ́-Sáfà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Gbogbo ihò RAM (mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) lára sáfà dátábéèsì wa ti kún, mẹ́mọ́rì ò sì tó mọ́, bẹ́ẹ̀ pírósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ rẹ̀, ò tíì ṣiṣẹ́ dé ìdajì agbára rẹ̀. Mo gbọ́ pé káàdì CXL (Compute Express Link) máa ń gba ojú ihò PCIe, ìyẹn ihò tí a ń ki káàdì bọ̀ nínú sáfà, fi RAM kún un. Ta ló ti lò ó?

Alágbẹ̀dẹ Linux: Mo ti lò ó, ó sì ṣiṣẹ́ fún mi. Ẹ kọ́kọ́ wo pírósẹ́sọ̀ yín. Ti AMD, ó yẹ kó jẹ́ Genoa (2022) tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ti Intel, Emerald Rapids (2023) ni èmi á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo BIOS náà (ètò tó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tí a bá tan sáfà), bóyá ó gba CXL. Nígbà tí mo ki tèmi bọ ihò, mo tẹ àṣẹ Linux yìí, `numactl --hardware`, node 2 sì yọjú (node ni Linux ń pe àkójọ mẹ́mọ́rì àti pírósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan). Níwájú "node 2 cpus:", òfìfo ni. Mẹ́mọ́rì wà níbẹ̀, pírósẹ́sọ̀ kankan ò sí. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn.

Ayọ̀ká: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé bákan náà ni wọ́n ń yára. RAM tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pírósẹ́sọ̀ máa ń dáhùn láàárín nǹkan bí 100 nánósẹ́kọ́ǹdì. Ti CXL máa ń tó ìlọ́po méjì. Ká ní RAM yẹn ni omi inú àmù, CXL ni kànga ẹ̀yìnkùlé, SSD, ìyẹn dísíkì tí à ń tọ́jú dátà sí, ni odò. Dátà tí ẹ ń lò lemọ́lemọ́, ẹ fi sínú àmù. Èyí tí ẹ kì í sábà fọwọ́ kàn ni kí ó wà lórí káàdì, Linux fúnra rẹ̀ sì lè máa bá yín kó o lọ síbẹ̀.

Bàbá Ráàkì: RAM mélòó ló wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan? Tó bá jẹ́ 32 GB, ẹ fi 64 GB rọ́pò wọn ná. Èmi ò ní ra káàdì kankan kí n tó ṣe ìyẹn.

Aṣọ́-Sáfà: Ẹ ṣé gan-an. Genoa ni tiwa, 128 GB ló sì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, sà. Àwọn kan ní kí n dúró de èyí tí sáfà púpọ̀ á jọ máa pín lò.

Ayọ̀ká: Ẹ má dúró. Lóòótọ́, CXL 2.0 ti 2020 ló mú ìpínlò yẹn wọlé, ṣùgbọ́n àwọn tó ní sáfà rẹpẹtẹ, tí mẹ́mọ́rì ń ṣòfò lọ́wọ́ wọn, ló wúlò fún jù. Sáfà kan ṣoṣo ni tiyín. Ẹ ra káàdì kan, ẹ fi ẹ̀dà dátábéèsì náà dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan.

Aṣọ́-Sáfà: Mo ti gbọ́, mà. BIOS ni mo ń lọ yẹ̀ wò báyìí.