Ta ló mọ dókítà tó ń tún bréèsì fà ní Èkìtì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àgbàlagbà ni mí, Ìbàdàn ni wọ́n ti fi bréèsì, ìyẹn wáyà tí wọ́n fi ń to eyín, sí mi léyín kí iṣẹ́ tó gbé mi wá sí Adó-Èkìtì. Oṣooṣù ni dókítà máa ń fa wáyà náà le, tó sì ń pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Owó ọkọ̀ ti wá pọ̀ jù, ẹ̀rù ojú ọ̀nà náà sì ń bà mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé dókítà tó ń to eyín wà ní Adó tàbí Ìdó-Èkìtì, tó lè gba iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀? Ìwé wo ni kí n gbà ní Ìbàdàn?

Wáyà ẹ̀yìn ti ń gún mi lẹ́rẹ̀kẹ́ báyìí, ìda tí mo fi ń bò ó sì ti tán. Iyán ń lọ geere, ṣùgbọ́n ẹran ò ṣeé jẹ mọ́. Kí ni mo lè fi bò ó ná?